Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Sìnkú Àtọ̀gbẹ ní Màpó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá dùbúlẹ̀ láti ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde jókòó ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa dùbúlẹ̀ gbọ́ orúkọ òun. Orúkọ náà nìyí: Alhaji Abdulmumin Ọ̀ṣuntúndé, Ọ̀gá Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Àtọ̀gbẹ ní Àárín Ìlú Ìbàdàn, Alábòójútó Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀, Baba Gbogbo Aláìsàn. Ìjọba ló fún un ní oyè kìíní. Òun fúnra rẹ̀ ló fi méjì tó kù sí i, ó sì ní kí wọ́n kun gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ilẹ̀kùn náà kò gbà á. Bí "Baba Gbogbo Aláìsàn" ṣe bọ́ sára ògiri nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹnì kan ti fi èédú kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sí tipẹ́tipẹ́.

Ohun méjì ni Ọ̀gá Àgbà máa ń ṣe láìsinmi. Ó ń sọ̀rọ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á mu ìgò mọ́líìtì kan tó tutù nini. Bí ó bá mu mọ́líìtì tán, á dìde lọ sí ilé ìtọ̀. Bí ó bá ti ilé ìtọ̀ dé, òùngbẹ á tún ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Daniel, ti rí orúkọ tó níyì fún ìrìnàjò yìí. Bí àlejò bá dé, tí wọn kò bá Ọ̀gá Àgbà lórí àga, Daniel á káwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ọ̀gá Àgbà ti jáde lọ ṣe àyẹ̀wò." Ní ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá Àgbà ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mọ́kànlá kí wọ́n tó pe ìrun Àṣárì.

"Daniel," Ọ̀gá Àgbà bi í lọ́jọ́ kan, "kí ló dé tí ọ̀fun mi ń gbẹ báyìí?"

"Iṣẹ́ ìlú ni, sà. Ọ̀fun ọ̀lẹ kì í gbẹ bẹ́ẹ̀ rárá."

"O tún ti sọ òótọ́. Mo sì ń rù díẹ̀díẹ̀."

"Ìlú ló ń gbé e lára yín, sà."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní alátọ̀gbẹ nínú ilé rí, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ má tíì sọ ọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá gbádùn ara rẹ̀ díẹ̀ sí i.

Kí wọ́n tó fi Ọ̀gá Àgbà jẹ oyè, ilé ìwòsàn kékeré kan ti wà lẹ́yìn Ọjà'ba, níbi tí Nọ́ọ̀sì Hikmat ti ń kó àwọn alátọ̀gbẹ jọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nọ́ọ̀sì yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, àti ìwé kékeré kan. Ó kọ́ wọn bí wọn ó ṣe gún ìka, bí wọn ó ṣe kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, àti bí wọn ó ṣe kọ nọ́mbà tó bá jáde sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n jẹ. Bí wọ́n bá pàdé, á bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí?" Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń dá ara wọn lóhùn, tí wọ́n á sì máa bá ara wọn jiyàn títí ilé ìwòsàn á fi fẹ́ tì.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ nínú wọn ni Alhaja Ràbíátù, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Ìyá Alábọ́ nítorí abọ́ tánganran tó ń tà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nítorí egbò kékeré kan tí kò jinná. Láti ìgbà náà ni Ìyá Alábọ́ ti búra pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì ni òun ó fi rìn títí ọjọ́ òun á fi pé. Ní àràárọ̀ ló ń fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ wádìí pé búrẹ́dì funfun ń mú kí ṣúgà òun fò ju ẹ̀wà lọ, àti pé bí òun bá fẹsẹ̀ gun òkè Màpó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nọ́mbà á wálẹ̀. Ó tún wádìí pé ìjà pẹ̀lú oníbàárà máa ń gbé e sókè. Nítorí èyí, ó dín ìjà kù, gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká sì rí ìsinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Ọ̀gá Àgbà wá bẹ̀ wọ́n wò, pẹ̀lú agbádá tó fẹ̀ débi pé Daniel ló ń bá a gbé apá kan rẹ̀ wọlé. Wọ́n kí i. Ó ní kí wọ́n tún un kí, nítorí kò tíì jókòó nígbà tí wọ́n kí ti àkọ́kọ́. Ó wá nawọ́ sí Ìyá Alábọ́.

"Ìyá, báwo ni ṣúgà yín?"

Ohun tó ń retí ni "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Alhaji." Ìyá Alábọ́ ṣí ìwé rẹ̀.

"118 ni láàárọ̀ yìí. 141 ni lánàá, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fà á. Dòdò ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀rọ mi ni."

"Ẹ̀rọ yín!" Ọ̀gá Àgbà yíjú sí Daniel. "Ṣé o gbọ́? Ṣúgà tí ìjọba fi èmi jẹ ọ̀gá lé lórí, ìyá kan tó ń ta abọ́ ti mọ iye rẹ̀ kí èmi tó jí! Bí oníkálukú bá wá mọ ṣúgà ara rẹ̀, kí ni ọ̀gá ń ṣe ní ọ́fíìsì?"

Ìbéèrè náà dára gan-an. Ì bá wù mí kí ó dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ti dé sí i, ó sì ní láti sáré jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òfin tuntun ti wà lára gbogbo ògiri láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba. "Ẹ̀rọ Kan, Agbolé Kan" ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n gba gbogbo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀, agbolé kọ̀ọ̀kan á wá gba ẹ̀rọ kan, wọn á lọ fi wọn gbogbo alátọ̀gbẹ wọn nílé, wọn á sì dá a padà pẹ̀lú nọ́mbà. Daniel á wá fi gbohùngbohùn ka orúkọ àti nọ́mbà síta. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára á gba abẹ̀bẹ̀ tí àwòrán Ọ̀gá Àgbà wà lára rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga á jókòó sórí àga gígùn kan tí wọ́n kùn ní pupa, lẹ́bàá títì, kí ìlú lè rí i.

Nọ́ọ̀sì Hikmat lọ bá a. "Ọ̀gá, bí ojú bá ń ti àwọn ènìyàn yìí, wọn ò ní sọ òótọ́ fún wa mọ́. Wọ́n sì nílò ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́, nígbà tí wọ́n bá jẹun, nígbà tí ara wọn ò bá yá."

"Nọ́ọ̀sì, o ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣàkóso," ni Ọ̀gá Àgbà wí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì Hikmat kúrò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa lọ jókòó sẹ́nu géètì ọ́fíìsì láti máa kọ nọ́mbà ọkọ̀ tó bá wọlé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọlé níbẹ̀. Ti Ọ̀gá Àgbà ni.

Kí ó tó di ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́fà ni Ìyá Alábọ́ ti lò láìní ẹ̀rọ lọ́wọ́. Nígbà tó gún ìka, 168 ló jáde, ó sì kọ ọ́ bó ṣe wà. Daniel pariwo rẹ̀ sójú títì pé, "Alhaja Ràbíátù, ti agbolé Alápẹ̀rẹ̀, Bẹ́yẹrúnká! 168! Àga pupa!" Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin jókòó sínú oòrùn fún wákàtí méjì. Àwọn ọlọ́kadà ń dẹwọ́ eré láti wò ó. Oníbàárà rẹ̀ kan tilẹ̀ dúró, ó bi í bóyá ìyá fúnra rẹ̀ náà wà fún títà bí abọ́ rẹ̀. Ó dùn ún wọ inú egungun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, agbolé Alápẹ̀rẹ̀ ṣe ìpàdé. Alátọ̀gbẹ mẹ́sàn-án ló wà nínú wọn, ẹ̀rù àga pupa sì ń ba gbogbo wọn. Baálé wọn, Bàbá Màmúdù, ló mú àbá wá, àbá náà sì bá ìṣe wọn mu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí àléébù kankan nínú rẹ̀.

"Bí ẹnì kan bá ṣòfò lágbolé kejì, ṣé gbogbo wa la máa ń lọ kí i?"

"Rárá o, Bàbá. A máa ń rán ẹnì kan ni."

"Bí wọ́n bá pè wá sí kóòtù lórí ilẹ̀, ṣé gbogbo wa la máa ń lọ?"

"Ẹnì kan ló ń bá wa lọ."

"Ó dáa. Ẹnì kan náà ni kó máa bá wa gún ìka."

Ẹni tí wọ́n yàn ni Mutmainnah, ìyàwó ọmọ Ìyá Alábọ́ tó kéré jù, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn ọmọ náà rí fún eré, 92 ló jáde. Inú rẹ̀ dùn pé àwọn àgbà fi iṣẹ́ ńlá lé òun lọ́wọ́. Ìyá Alábọ́ nìkan ló kùn.

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ mi fún mi."

"Ìyá Alábọ́, ṣé ẹ fẹ́ padà sórí àga yẹn ni?" Bàbá Màmúdù bi í.

Ó dùn mí láti kọ èyí, nítorí mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ó gbà fún wọn.

Ní ọjọ́bọ̀ kejì, agbolé Alápẹ̀rẹ̀ mú 92, 95, 91, 94 àti irú wọn lọ sí Bẹẹrẹ, wọ́n sì kó abẹ̀bẹ̀ mẹ́sàn-án bọ̀. Àwọn agbolé tó kù béèrè oògùn tí wọ́n lò. Wọn kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ògiri ilé wọn kò nípọn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn aládùúgbò ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní ìka." Wọ́n ń gbé ẹyin àti ọsàn wá fún ọmọ náà kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà tán. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Mutmainnah ló ń ta á, ṣùgbọ́n ó ń na wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò Bẹ́yẹrúnká àti ìdajì Ọjà'ba ń kà síta.

Ọ̀gá Àgbà náà ń gún ìka. Òfin rẹ̀ ni pé tòun ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Daniel kán ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ sórí bébà, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó sì rí 287.  Ó ronú nípa àga pupa, ó ronú nípa ẹni tí yóò sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé kó lọ jókòó síbẹ̀, ó sì ronú nípa iṣẹ́ tirẹ̀.

"Mélòó, Daniel?"

"95, sà."

"Mo mọ̀! Ẹ̀jẹ̀ mi ti gbọ́ pé èmi lọ̀gá." Ó sì ní kí wọ́n gbé mọ́líìtì wá kí òun fi yọ̀.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ìlà tí wọ́n ya sórí pátákó ní ọ́fíìsì náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ẹyọ alátọ̀gbẹ kan tí ṣúgà rẹ̀ ga láti Bẹẹrẹ dé ìsàlẹ̀ Ọjà'ba. Ọ̀gá mìíràn ì bá bi ara rẹ̀ pé ṣé kò sí nǹkan kan ńbí. Ọ̀gá tiwa kọ lẹ́tà sí ìjọba ìpínlẹ̀ pé àtọ̀gbẹ ti kú ní àárín ìlú Ìbàdàn, pé òun ló pa á, kí wọ́n má fi oògùn àti bébà ẹ̀rọ ránṣẹ́ mọ́, kí wọ́n sì wá bá òun sin òkú rẹ̀ ní Màpó. Ó ní kí káfíńtà kan pátákó, kó ṣe pósí, kó kùn ún ní funfun, kó sì kọ "ÀTỌ̀GBẸ" sí i ní ìhà méjèèjì. Àwọn àgbà mùsùlùmí àdúgbò ní àwọn kì í fi pósí sìnkú. Ọ̀gá Àgbà dá wọn lóhùn pé àtọ̀gbẹ kì í ṣe mùsùlùmí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni Ìyá Alábọ́ lọ gba oògùn rẹ̀, tó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

"Wọ́n ní kò sí oògùn mọ́," ó sọ fún Mutmainnah. "Wọ́n ní àìsàn tó ń ṣe mí ti kú."

"Ó ti kú, Màmá?"

"Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ sin ín."

Mutmainnah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Alábọ́ kò rẹ́rìn-ín. Bàtà tuntun kan ti bó o ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó ń fi dígí wò ó láàárọ̀ lálẹ́, kò sì jinná. Láyé ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, á gún ìka, á mọ̀ bóyá ṣúgà ló fà á, á mọ ohun tí yóò ṣe. Ní báyìí ó kàn ń wo egbò náà, ó ń rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n gé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. Bí wọ́n ti máa ń ṣe, agbolé Alápẹ̀rẹ̀ jókòó yí Mutmainnah ká. Oyún oṣù mẹ́fà ti wà nínú rẹ̀ nígbà yìí. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni nọ́mbà rẹ̀ ti ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, 104, 119, 127, wọ́n sì ní ẹyin ló fà á. Lọ́jọ́ yìí, 204 ló jáde. Wọ́n gún ìka kejì. 206. Bàbá Màmúdù gba ẹ̀rọ náà, ó mì í, ó lù ú mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó tún mì í létí.

"A ti gbé! Gbogbo wa la ó jókòó sórí àga yẹn lónìí, lójú àlejò ìjọba!"

"Ẹ kọ 93 sílẹ̀," ẹnì kan wí.

Ìyá Alábọ́ ti dìde dúró. "Ẹ yéé mì í. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n kán sí i?"

Gbogbo wọn yíjú sí Mutmainnah. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún tí ẹnikẹ́ni rántí pé ọmọ náà ló ni ìka rẹ̀.

"Màmá," Mutmainnah wí, "òùngbẹ ti ń gbẹ mí láti ọjọ́ yìí. Mo rò pé oyún ni. Ṣé ọmọ mi ò ní kú?"

"Kò ní kú, lágbára Ọlọ́run. Àtọ̀gbẹ máa ń mú aboyún, Nọ́ọ̀sì Hikmat ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ dókítà, ó fẹ́ oògùn, ó fẹ́ kí o ní ẹ̀rọ tìrẹ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ lọ sin ní Màpó." Ó wé gèlè rẹ̀ mọ́rí gírígírí. "Dìde, ká lọ."

Ní Màpó, èrò ti kún títí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Pósí wà láàárín. Àga pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n dáná sun ún lẹ́yìn ìsìnkú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Dókítà Evelyn, tí ìjọba rán wá, jókòó pẹ̀lú báàgì lórí ẹsẹ̀, ó ń wo pósí náà bí ẹni tó ń rò ó bóyá òun ti ṣìnà.

Daniel kọ́kọ́ ki Ọ̀gá Àgbà fún ogún ìṣẹ́jú. Ó pè é ní òkè tí àìsàn rí tó wó. Ó pè é ní òjò tó fọ ṣúgà kúrò lẹ́jẹ̀ ìlú. Ọ̀gá Àgbà wá gba gbohùngbohùn.

"Ìbàdàn! Ta ló pa àtọ̀gbẹ?"

"Ẹ̀yin ni!"

"N ò gbọ́! Ta ló pa á?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá Àgbà!"

"Ṣé mo lo ìbọn?"

"Rárá o!"

"Ṣé mo lo idà? Ojú ni mo fi wò ó! Mo ní, 'Àtọ̀gbẹ, ṣé o mọ̀ mí?' Àtọ̀gbẹ ní..." Ó fi ọwọ́ di abẹ́ ìdodo mú, ó sì sáré gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ. Daniel sọ fún àwùjọ pé Ọ̀gá Àgbà ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tó padà, ó mu mọ́líìtì kan lójú gbogbo ènìyàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èyí ṣẹlẹ̀. A kò tíì mọ ohun tí àtọ̀gbẹ dá a lóhùn títí di òní.

Ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí Ìyá Alábọ́ dé orí òkè, tó ń tiro, tó fi ọwọ́ kan di Mutmainnah mú. Nọ́ọ̀sì Hikmat, tí wọ́n ti gbé wá síbẹ̀ láti wá kọ nọ́mbà ọkọ̀, rí wọn, ó sì ju ìwé sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

"Alhaji," Ìyá Alábọ́ ké láti àárín èrò, "ẹ má tíì sin ín. Ó wà nílé wa!"

Ọ̀gá Àgbà gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Kí ló wà nílé yín?"

"Àtọ̀gbẹ ni. Àwa mẹ́sàn-án ló ń ṣe lágbolé, ìka ọmọ yìí kan ṣoṣo la sì ń gún. 92 tí ẹ ń kà, tirẹ̀ ni. Ojú ń tì wá láti jókòó sórí àga yín, la ṣe parọ́. Ní báyìí, àtọ̀gbẹ ti mú ọmọ náà, oyún wà nínú rẹ̀, ẹ sì ní kí oògùn má wá mọ́. Egbò wà lẹ́sẹ̀ tèmi náà. Ẹ gbé mi jókòó sórí àga pupa títí di ọ̀la, ojú ò tì mí mọ́. Ẹ sáà fún wa ní ẹ̀rọ wa."

Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn. "Àwa náà, ìka rẹ̀ la yá." Òmíràn ní, "Àwa náà." Kò pẹ́ tí "Àwa náà" fi ń ti ìhà gbogbo wá, tí àwọn kan sì ń fi abẹ̀bẹ̀ Ọ̀gá Àgbà bojú bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá Àgbà bú. "Ọ̀tá ló rán yín! Èmi nìyí, 95 ni mí ní gbogbo ọjọ́bọ̀! Ṣé ìka tirẹ̀ ni èmi náà gún ni? Dókítà, ẹ gún mi! Ẹ gún mi lójú gbogbo ìlú!"

Daniel fà á ní agbádá. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò, sà."

"Fi mí sílẹ̀! Ẹ gún mi!"

Dókítà Evelyn ṣí báàgì rẹ̀, ó sì gún un. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tẹrí ba, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sétí rẹ̀, bí dókítà tó mọṣẹ́ ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà, nítorí kì í gbé e sílẹ̀, ohun tí dókítà sọ sì dé Ọjà'ba.

"386, Alhaji. Ó ga púpọ̀. Láti ìgbà wo ni òùngbẹ ti ń gbẹ yín?"

"Daniel," Ọ̀gá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, "95 ńkọ́?"

"287 ni lọ́jọ́ kìíní, sà. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ẹ dárí jì mí."

 Ọ̀gá Àgbà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ibi jókòó, ibi tó sì bá ni àga pupa.

Ẹ̀rín bú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ká ní mo wà níbẹ̀, mi ò ní lè mú un mọ́ra. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹlòmíràn fi di ara rẹ̀ mú. Ìyá Alábọ́ nìkan ni kò bá wọn rín. Ó rìn lọ síbi àga náà.

"Ẹ sún díẹ̀, Alhaji."

Ó sún. Obìnrin náà jókòó tì í, ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí i pẹ̀lú àwòrán Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀.

"Mo ti jókòó síbí rí. Ó le, àbí?"

"Ó le, Ìyá," Ọ̀gá Àgbà wí. Èyí ni gbólóhùn tó kúrú jù tí ó tíì sọ láti ìgbà tó ti jẹ oyè.

"Kò ní pa yín. Dókítà wà níbí, Hikmat wà níbí. A ó kọ́ yín bí a ṣe ń ṣe é."

Dókítà Evelyn bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀, ó sì fi í lé Nọ́ọ̀sì Hikmat lọ́wọ́. Mọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi gbé òkú àtọ̀gbẹ ni wọ́n fi gbé Mutmainnah àti Ìyá Alábọ́ lọ sí ọsibítù, Ọ̀gá Àgbà sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Kí oṣù náà tó tán, ìjọba ti yọ ọ́ nípò. Wọ́n fi ọ̀dà bo gbogbo oyè rẹ̀ lára ilẹ̀kùn àti ògiri. "Ẹ má tọ̀ síbí" nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí ó wúlò.

Egbò ẹsẹ̀ Ìyá Alábọ́ jinná, ó ku àpá. Mutmainnah ń gún ìka tirẹ̀, ó ń kọ nọ́mbà tirẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan tó ń ké bíi gbohùngbohùn Daniel. Hikmat ni wọ́n sọ ọ́. Káfíńtà tú pósí náà, ó fi pátákó rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì gígùn méjì fún ilé ìwòsàn ẹ̀yìn Ọjà'ba. Bí ẹ bá débẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ wo ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì kìíní dáadáa, ẹ ó rí "ÀTỌ̀" níbẹ̀. "GBẸ" wà lábẹ́ ìkejì.

Alhaji Abdulmumin máa ń jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kejì. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú ìwé rẹ̀ wá, Ìyá Alábọ́ ló ń bi àwọn ènìyàn léèrè.

"Alhaji, kí lẹ rí?"

Ó dìde, ó tún agbádá ṣe. "Ní orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́..."

"Nọ́mbà la bi yín, Alhaji."

Ó jókòó. Ó ṣí ìwé náà. "164."

"Ó ti wálẹ̀. Alihamudulilahi. Lánàá ńkọ́?"

"231."

"Kí lẹ jẹ?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo òrùlé. Ó wo Nọ́ọ̀sì Hikmat, ṣùgbọ́n ìyẹn ń wo ojú fèrèsé.

"Mọ́líìtì kan."

"Kan?" Ìyá Alábọ́ bi í.

 Alhaji Abdulmumin mú bírò rẹ̀, ó fa igi lé "kan," ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òótọ́ sí i.

"Mẹ́ta," ó wí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.